Ìdẹ ni tàbí ẹbọ? Ọ̀rọ̀ tó yẹ eré ṣẹ́ẹ̀sì

Ẹ̀yin àgbà mi, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o.

Bàbá wa tó kọ̀wé láti Ọ̀yọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá dá a lábàá pé, tí ẹni tó ń ta ṣẹ́ẹ̀sì bá mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí wọ́n pa ọmọ òun (ọ̀kan nínú àwọn ère tí a fi ń ta á) kí òun lè rí ohun tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí á máa pe ohun tó ṣe ní "ìfirúbọ". Ẹ̀gbọ́n kan dá wọn lóhùn pé ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni ẹbọ, kò yẹ kí á máa fi kọ́ ọmọ ilé ìwé, pé "ìpàdánù" ló dáa jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Ìpàdánù kò lè dúró rárá. Ẹni tó pàdánù owó kò mọ ìgbà tó já bọ́ lápò òun. Ẹni tó fi ayaba rẹ̀, ọmọ tó lágbára jù lọ nínú eré, sílẹ̀ kí wọ́n pa á mọ ohun tó ń ṣe dáadáa. Ní ti ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, inú Bíbélì Yorùbá fúnra rẹ̀ ni a ti ń ka "ẹbọ sísun". Ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí mo ti ń kọ̀wé yìí, mi ò tíì rí pásítọ̀ tó ń sá fún ọ̀rọ̀ náà lórí àga ìwàásù.

Ibi tí èmi àti Bàbá ti yà ni pé wọ́n fẹ́ fi ẹbọ nìkan ṣoṣo bo gbogbo rẹ̀. Nǹkan méjì ni, wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Àwọn ọmọdé ló là mí lójú sí i.

Lọ́jọọjọ́ Sátidé, mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ kan ní ṣẹ́ẹ̀sì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Òkè-Ẹlẹ́rin. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún mọ́kànlá kan gbé ayaba rẹ̀ sí ojú ọ̀nà ẹṣin ẹnìkejì rẹ̀ (ẹṣin náà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ eré), ó ká ọwọ́ lẹ́rán. Mo bi í pé, "Ṣé o rí ẹṣin yẹn?" Ó ní, "Mo rí i, sà. Mo fi dẹ ẹ́ ni." Wọ́n pa ayaba náà. Ìgbà méjì péré ló tún gbé ọmọ, ọba ẹnìkejì há, ọmọbìnrin náà sì jẹ eré. Ní tábìlì kejì, ọmọkùnrin kan ti fi ẹṣin rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n pa á. Mo bi òun náà ní ìdí. Ó ní, "Mi ò tíì mọ̀, sà, àmọ́ ọba rẹ̀ ti wà níta gbangba." Ohùn àwọn méjèèjì kò jọra. Èyí àkọ́kọ́ ti kà á dópin. Èkejì fi ẹṣin rẹ̀ lélẹ̀, ó ń wo ibi tí yóò já sí.

Ẹ wá fi wé àwọn ọ̀gá. Ní ọdún 1858, nínú ilé eré opera kan ní Paris, Paul Morphy, ọmọ New Orleans, ta ṣẹ́ẹ̀sì pẹ̀lú ọlọ́lá méjì tí wọ́n pawọ́ pọ̀ lé e lórí, Duke ti Brunswick àti Count Isouard. Nígbà kẹrìndínlógún tó gbé ọmọ, ó fi ayaba rẹ̀ fún ọba wọn ní ṣẹ́ẹ̀kì, ìyẹn ni pé ó dojú ìjà kọ ọba náà tààrà. Ohun kan ṣoṣo ni òfin eré gbà wọ́n láyè láti ṣe: kí ẹṣin wọn pa ayaba náà. Bí ẹṣin náà ṣe kúrò nídìí ọba báyìí, ọmọ kan tí à ń pè ní rúùkù, ti Morphy, sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọba, òmíràn tí à ń pè ní bíṣọ́ọ̀bù ń ṣọ́ ọ lẹ́yìn, eré parí. Rúùkù kan, bíṣọ́ọ̀bù kan, àti àwọn ọmọ ogun kéékèèké ló kù fún Morphy. Kí ló fi rúbọ níbẹ̀? Ó mọ ohun tó máa gbà padà kó tó gbé ọwọ́ kúrò lórí ayaba.

Bobby Fischer náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní New York ní 1956, ọmọ ọdún mẹ́tàlá péré. Ó fi ayaba rẹ̀ sílẹ̀ fún Donald Byrne. Byrne pa á, Fischer sì fi ṣẹ́ẹ̀kì lórí ṣẹ́ẹ̀kì kó rúùkù kan, bíṣọ́ọ̀bù méjì àti ọmọ ogun kan padà. Ẹni tó so kòkòrò mọ́ ìwọ̀ kò rú ẹbọ sí odò, ẹja ló fẹ́ jẹ. Ìdẹ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ wo Mikhail Tal, ọmọ Riga. Ní Moscow ní 1960, nínú eré kẹfà tí òun àti Mikhail Botvinnik fi du oyè àgbáyé, ó gbé ẹṣin síbi tí ọmọ ogun Botvinnik ti lè pa á. Botvinnik pa á. Ariwo àwọn òǹwòran pọ̀ débi pé wọ́n ní láti kó eré náà lọ sí yàrá ẹ̀yìn. Nígbà tí àwọn onímọ̀ jókòó tì í lẹ́yìn náà, wọ́n rí i pé ọ̀nà wà tí Botvinnik ì bá fi bọ́. Kò rí i lórí ìjókòó, Tal ló jẹ eré náà, òun náà ló gba oyè, ọmọ ọdún 23. Ohun tó ṣe yìí ni mo lè pè ní ẹbọ tọkàntọkàn. Àwọn àgbà wa kì í rúbọ kí wọ́n ní ó ti dájú. Wọ́n á rú u tán, wọ́n á máa gbàdúrà pé kí ó fín. Ti Tal fín lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin náà rí i pé ọ̀rọ̀ yìí wá pẹ̀lú ìyókù rẹ̀: a lè sọ pé ẹbọ rẹ̀ fín, a sì lè sọ pé kò fín. Ìdẹ kò ní irú èyí.

Rudolf Spielmann, ọmọ Austria tí òun náà lókìkí fún irú eré bẹ́ẹ̀, ti pín in sí méjì bẹ́ẹ̀ ṣáájú wa. Ó pe èyí tí a ti kà dópin ní ayédèrú, ó pe èyí tí a kò lè kà dópin ní ojúlówó. Ó dùn mọ́ mi pé Yorùbá kò nílò láti pe ọ̀kan ní ayédèrú. Ọ̀rọ̀ méjì ló wà nílẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dá dúró.

Àwọn kan á ní kí ló dé tí a kò lo ọ̀rọ̀ àwọn onídírááfù, "fún un jẹ". Mo fẹ́ràn rẹ̀, abẹ́ igi ni mo ti gbọ́ ọ dàgbà. Àmọ́ nínú dírááfù, dandan ni kí o jẹ ohun tí wọ́n bá fún ọ jẹ. Nínú ṣẹ́ẹ̀sì, o lè kọ̀ ọ́. Ní Wijk aan Zee, ní ilẹ̀ Netherlands, ní 1999, Garry Kasparov fi rúùkù lélẹ̀ fún Veselin Topalov. Topalov ì bá fi í sílẹ̀ níbẹ̀, kó sún ọba rẹ̀ síwájú ní ìṣísẹ̀ kan. Ó pa á. Kasparov lé ọba rẹ̀ kúrò nílé títí ó fi dé orí ìlà àkọ́kọ́ ti Kasparov fúnra rẹ̀, ní òdìkejì pátápátá. Ti Morphy nìkan ni "fún un jẹ" bá mu dáadáa, torí kò sí ọ̀nà mìíràn fún àwọn ọlọ́lá méjì yẹn.

Kí n tó gbàgbé, ẹ má jẹ́ kí á pe àwọn ògbóǹtarìgì wọ̀nyí ní "ọ̀gá àgbà" bí ẹnì kan ṣe dámọ̀ràn. Ọ̀gá àgbà jókòó sí ọ́fíìsì. Ọ̀ta ni àwọn alayò ń pe ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mú, ọ̀pẹ̀ sì ni ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta. Ọ̀ta ni Tal.

Mo fẹ́ kọ ìdẹ àti ẹbọ sórí pátákó fún àwọn ọmọ náà ní Sátidé tó ń bọ̀, ti ọmọbìnrin yẹn lápá kan, ti ọmọkùnrin yẹn lápá kejì. Bàbá, tí ẹ bá ṣì rò pé ọ̀kan tó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi ṣáájú ọjọ́ náà èwo nínú àwọn méjèèjì ni kí n nù kúrò.