Ṣé kí n dín ọjọ́ iṣẹ́ kù ni, àbí kí n dá ẹnìkan dúró?

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ilé ìtẹ̀wé kékeré ni mo ní ní Ṣómólú, òṣìṣẹ́ 6. Bébà ti gbówó lórí, iṣẹ́ ò wọlé mọ́. Lánàá, ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló yí. Àwọn tó kù jókòó, wọ́n ń to bébà tí wọ́n ti tò tẹ́lẹ̀.

Òfin iṣẹ́ ní ẹni tó dé kẹ́yìn ni kó kọ́kọ́ lọ. Ẹni yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ọkàn mi ò gbà á.

Ṣé kí gbogbo wa máa ṣe ọjọ́ 3 lọ́sẹ̀, kí owó oṣù dín kù? Jámánì ṣe irú ẹ̀ ní 2009, àmọ́ ìjọba wọn bá wọn dí lára owó náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, báwo lẹ ṣe bá àwọn òṣìṣẹ́ yín sọ ọ́?