Ara ẹ̀gbọ́n mi ò yá, ọmọ méjì tó ní ìpèníjà ló tún wà lọ́wọ́ wọn: kí ni kí n máa ṣe?

ÀbúròRere:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi ọjọ́ ti pẹ́, mi ò rẹ́ni bá sọ ọ́ ni mo ṣe ní kí n gbé e wá síbí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní làkúrègbé, kì í ṣe èyí tí ọjọ́ orí máa ń fà o, èyí tí dókítà ń pè ní rheumatoid arthritis ni, tó jẹ́ pé àwọn sójà inú ara tó yẹ kó máa lé àìsàn ló máa ń yíjú padà wá bá oríkèé jà. Ó ti pé ọdún 6 báyìí. Ọmọ méjì ni wọ́n bí. Èyí àgbà jẹ́ ọmọ ọdún 11, cerebral palsy ló ní, ìyẹn ìpalára inú ọpọlọ láti kékeré tí kì í jẹ́ kéèyàn lè darí ara ẹ̀, kò lè rìn, kò lè dá jẹun, gbígbé là ń gbé e láti bẹ́ẹ̀dì dórí àga onítáyà. Àbúrò ẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún 7, autism ni tiẹ̀, ìyẹn ni pé bí ọpọlọ ẹ̀ ṣe ń gba nǹkan yàtọ̀ sí tàwọn ẹlòmíì, kì í sọ̀rọ̀, tójú bá sì kúrò lára ẹ̀ báyìí ó ti bọ́ sóde. Ibi tó jìnnà ni bàbá wọn ti ń ṣiṣẹ́, ìparí oṣù ló máa ń wálé.

Sátidé tó kọjá mo lọ síbẹ̀ láàárọ̀ kùtù, mi ò sọ fún wọn pé mò ń bọ̀, mo ní kọ́kọ́rọ́ ilé lọ́wọ́. Ìgbà tí mo máa wọlé, ẹ̀gbọ́n mi ló jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fẹ́ bọ́ aṣọ àwọ̀sùn lára ọmọ, ìka wọn ò ṣeé ká, eyín ni wọ́n fi ń fa bọ́tìnnì. Ọmọ ń rẹ́rìn-ín ṣáá torí ó rò pé eré ni màmá òun ń bá òun ṣe. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá, mi ò lè wọlé, mi ò sì lè padà.

Tí mo bá bi wọ́n pé "ẹ̀gbọ́n mi, kí ni kí n bá yín ṣe," èsì kan náà ni: "kò sí, a wà dáadáa, má da ara ẹ láàmú." Mo lè máa lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, mo sì lè máa fowó díẹ̀ ránṣẹ́. Àmọ́ tí mo bá débẹ̀ mo kàn máa ń gbálẹ̀ fọ abọ́ ni, wọ́n á máa tẹ̀ lé mi kiri láti ṣàlàyé ibi tí nǹkan wà, tí mo bá sì fi máa lọ ó ti rẹ̀ wọ́n ju bí mo ṣe bá wọn lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà nínú irú ẹ̀, kí ló ń ran èèyàn lọ́wọ́ ní tòótọ́?

ÌyáÌfẹ́:
Àbúrò mi, nígbà tí mo ka ibi bọ́tìnnì yẹn mo ní láti gbé fóònù sílẹ̀ ná. Èmi náà nìyẹn. Lupus ni tèmi, òun náà jẹ́ àìsàn tí àwọn sójà inú ara máa ń yíjú padà bá ara jà. Adití ni ọmọ mi obìnrin, kò sì lè dìde fúnra ẹ̀. Jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ ò ní lè sọ fún ẹ.

"Kí ni kí n bá yín ṣe" yẹn, iṣẹ́ ni lọ́rùn ẹni tí ara ẹ̀ ò yá. Ó máa kọ́kọ́ ro gbogbo ohun tó wà nílẹ̀, á ṣa èyí tí ò ní kó ìtìjú bá a, á wá ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é, á tún máa wojú rẹ bóyá ó ti sú ẹ. Ó rọrùn kó sáà ní kò sí. Nítorí náà má bi í mọ́. Mú ohun kan, kó di tìẹ pátápátá. Sọ pé "aṣọ àwọn ọmọ ti di tèmi o, àti fífọ̀ àti kíká," kó má tún fi aṣọ ṣe àròkàn mọ́ láé. Ẹnì kan tó gba odidi iṣẹ́ kan kúrò lọ́rùn mi ṣe fún mi ju èèyàn mẹ́wàá tó ń wá bi mí pé báwo lara lọ.

Ìrọ̀lẹ́ tó o ní o fẹ́ máa lọ yẹn ńkọ́, wò ó, àárọ̀ ni irú làkúrègbé yìí máa ń le jù. Oríkèé lè gan fún wákàtí kan, ó lè jù bẹ́ẹ̀, kó tó rọ̀. Àsìkò yẹn gan-an sì ni ọmọ fẹ́ pààrọ̀ pámpásì, tó fẹ́ wẹ̀, tó fẹ́ wọṣọ, tí èkejì ń wá ọ̀nà àtijáde. Nígbà tí ìwọ fi máa dé nírọ̀lẹ́ ogun ti tán, abọ́ nìkan ló kù nílẹ̀. Tó bá jẹ́ àárọ̀ méjì péré lo rí yọ kó o tó lọ síbi iṣẹ́, ó sàn ju ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta lọ. Bọ́tìnnì yẹn náà, ẹ tú gbogbo ẹ̀ dànù, ẹ rán nǹkan tó máa ń lẹ̀ mọ́ra wọn yẹn sí i, èyí tó wà lára bàtà ọmọdé.

Má sọ fún un o pé o rí i tó ń fi eyín fa bọ́tìnnì. Jọ̀ọ́.

Ọ̀rọ̀Tààrà:
Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ bínú sí mi, ṣùgbọ́n ṣé ẹ ti rò ó pé kẹ́ ẹ kó àwọn ọmọ yẹn lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú irú wọn? Ẹni tí ìka ẹ̀ ò lè tú bọ́tìnnì, báwo ló ṣe máa tọ́jú ọmọ méjì? Mo ti rí ẹni tó kú sórí irú ẹ̀, ni mo ṣe ń sọ ọ́.

Nọ́ọ̀sìỌmọdé:
Ọ̀rọ̀Tààrà, mo mọ̀ pé àánú ló ń ṣe yín, mi ò bá yín jà, àmọ́ mi ò gbà. Kí apá má ká iṣẹ́ yàtọ̀ sí kéèyàn má fẹ́ ọmọ ẹ̀. Àdéhùn tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe lọ́dún 2006 lórí ẹ̀tọ́ àwọn tó ní ìpèníjà sọ ọ́ ní abala 23 pé wọn ò gbọdọ̀ torí pé ọmọ ní ìpèníjà, tàbí torí pé òbí ní in, gba ọmọ lọ́wọ́ òbí ẹ̀. Ìrànlọ́wọ́ ni abala yẹn ní kí wọ́n mú wá bá ìdílé. Tá a bá mú ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ kúrò lọ́dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo tó gbọ́ ohun tó ń sọ, ta la ràn lọ́wọ́?

ÀbúròRere, gbígbé tí wọ́n ń dá gbé ọmọ yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ọmọ ọdún 11 ń dàgbà, oríkèé ìyá ń bà jẹ́, méjèèjì ò lè máa bá ara wọn lọ báyìí. Ẹ ní kí fisió, ìyẹn oníṣẹ́ ìlera tó ń tọ́jú bí ara ṣe ń rìn, tó ń rí ọmọ kọ́ ẹ̀yin méjèèjì bí wọ́n ṣe ń gbé e láìfa apá ẹ̀, kẹ́ ẹ sì bi wọ́n nípa aṣọ tó ń yọ̀ tí wọ́n máa ń tẹ́ sábẹ́ ọmọ láti fi sún un, àti ẹ̀rọ tó ń gbéni dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Tó bá ń jẹun, kó jókòó dáadáa, kí orí má dà sẹ́yìn, kẹ́ ẹ má sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ títí nǹkan bí 30 ìṣẹ́jú lẹ́yìn oúnjẹ, torí oúnjẹ tó bá ṣìnà lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, wàhálà ńlá ni.

Oògùn ẹ̀gbọ́n yín ńkọ́? Tó bá jẹ́ methotrexate, oògùn kan fún irú làkúrègbé yìí, ni wọ́n ń lò, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń lò ó, kì í ṣe ojoojúmọ́, àṣìlò ẹ̀ ti pa èèyàn. Tó bá jẹ́ steroid, ìyẹn oògùn tó ń dín ara wíwú kù, bíi prednisolone ni wọ́n ti ń lò tipẹ́, wọn ò gbọdọ̀ ṣàdédé dá a dúró torí pé ó tán nílé tí kò sì sẹ́ni tó máa lọ gbà á. Iṣẹ́ tẹ́ ẹ lè sọ di tiyín nìyẹn o: kẹ́ ẹ máa ka oògùn tó kù, kẹ́ ẹ lọ gba òmíì kó tó tán. Àwọn oògùn yìí máa ń dín agbára àwọn sójà ara kù, nítorí náà bí ara wọn bá gbóná, ẹ má ní ó máa lọ fúnra ẹ̀, ẹ rí dókítà lọ́jọ́ náà.

ỌmọÌyáMéjì:
Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ. Kíndìnrín màmá mi ló bà jẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń so wọ́n mọ́ ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ lọ́sibítù, wákàtí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan. Àbúrò mi ọkùnrin ní autism, òun náà kì í sọ̀rọ̀. Èmi ọmọ ọdún 13 ni mò ń ṣọ́ ọ nílé, màá wá sọ níléèwé pé orí ló fọ́ mi ni mi ò ṣe wá. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè kan sí i.

Àǹtí wa kan ló gbà wá sílẹ̀. Àǹtí yìí ò gbé nǹkan kan wá. Wọ́n kàn ń wá jókòó ti màmá mi ni, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí wọ́n ń wo bí màmá mi ṣe ń ṣe àbúrò mi. Wọ́n mọ ife tó máa ń lò, wọ́n mọ orin tá a máa ń kọ tá a bá fẹ́ wẹ̀ ẹ́, wọ́n mọ̀ pé tó bá ti ń mì síwá sẹ́yìn kí gbogbo ilé dákẹ́. Ọjọ́ tí màmá mi kọ́kọ́ fi àbúrò mi sílẹ̀ fún àǹtí tí wọ́n lọ, màmá mi sùn lórí àga ẹ̀rọ yẹn. Wọ́n sọ fún mi nírọ̀lẹ́ pé láti ọjọ́ tí àwọn ti ń lọ, àwọn ò sùn níbẹ̀ rí, fóònù ló máa ń wà lọ́wọ́ àwọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ohun tó ń da ẹ̀gbọ́n yín láàmú, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé ìrora kọ́. Ta ló mọ ọmọ mi bí mo bá dùbúlẹ̀, ìyẹn ni. Ẹ lọ kọ́ ìtọ́jú àwọn ọmọ yẹn lọ́dọ̀ wọn bí ẹni ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá.

Nọ́ọ̀sìỌmọdé:
Kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ o. Ìwé kan ṣoṣo, ibi tí ojú ti lè tètè rí i: oògùn, ìwọ̀n ẹ̀, aago ẹ̀, nọ́ńbà dókítà. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní cerebral palsy ni gìrì máa ń mú, tó bá ń mú tiyín ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ máa ṣe síbẹ̀: ẹ wo aago, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lélẹ̀, ẹ má ki nǹkan kan bọ̀ ọ́ lẹ́nu, tó bá ti lé ní 5 ìṣẹ́jú ọsibítù ni.

ÀbúròRere:
Ẹ ṣé o gbogbo yín. Ọ̀sẹ̀ méjì rèé. Mo bẹ ọ̀gá mi níbi iṣẹ́, wọ́n gbà kí n máa pẹ́ dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀. Àárọ̀ àkọ́kọ́ burú. Ọmọ kékeré ò retí ojú mi ní irú aago yẹn, ó kígbe títí ó fi ń gbá orí mọ́ ògiri, ẹ̀gbọ́n mi ní kí n máa lọ ná, mo sunkún nínú mọ́tò. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo ya fọ́tò ara mi mo fi ránṣẹ́, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri sáàárín àwòrán búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti àwòrán bàtà, níbi tí wọ́n máa ń to ohun tó fẹ́ ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ sí fún un. Ọjọ́bọ̀ tí mo dé, ó fi ìka kan fọ́tò yẹn, ó wá fi kàn mí nímú, ó bá tiẹ̀ lọ.

Aṣọ ti di tèmi. Bọ́tìnnì ti tán lára gbogbo ẹ̀, mi ò sì sọ ohun tí mo rí. Fisió ti kọ́ wa bí èèyàn méjì ṣe ń gbé ọmọ, àmọ́ ọjọ́ tí mi ò bá sí níbẹ̀ wọ́n ṣì ń dá a gbé, ìyẹn ò tíì jẹ́ kí n sùn dáadáa, mò ń bá bàbá wọn sọ ọ́ lọ́wọ́.

Àná la bẹ̀rẹ̀ ìwé yẹn. Wọ́n ń sọ, mò ń kọ. Oògùn ò pẹ́ tán, ni wọ́n bá bọ́ sórí àwọn ohun tí mi ò mọ̀ pé ó wà rárá. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ pé tí ọmọ kékeré bá fi ọwọ́ méjèèjì bo etí, ariwo ni, àmọ́ tó bá jẹ́ etí òsì nìkan ló bò, etí yẹn ló ń dùn ún. Mo bi wọ́n pé ta ló tún mọ èyí yàtọ̀ sí ẹ̀yin. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ìwọ."