Ẹ jọ̀ọ́, irú amp wo ni kí n lò fún hamóníkà níbi eré kékeré?

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi lọ́kùnrin lóbìnrin, ẹ kú iṣẹ́ o. Hamóníkà oníhò mẹ́wàá ni mò ń fọn, ó ti ń lọ sí ọdún mẹ́ta, inú ilé ni mo ti ń fọn ọ́n látọjọ́ yìí, àmọ́ àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì kan, ọ̀kan ń ta gìtá ọ̀kan ń ta béèsì, ti ní ká jọ ṣeré níbì kan tó máa gba èèyàn bíi 40, onílù náà máa wà níbẹ̀, wọ́n wá ní kí n wá amp tèmi, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè. Máìkì SM58 tí wọ́n fi ń kọrin ni mo ní. Mo lọ dán amp gìtá ńlá kan wò, 100 watts, kì í ṣe onítúùbù (irú tó ń fi gíláàsì kékeré bíi gílóòbù gbé ohùn sókè), mo rò pé bí watts bá ṣe pọ̀ tó ni wọ́n á ṣe gbọ́ mi tó, àfi bí mo ṣe fọwọ́ méjèèjì bo máìkì báyìí ló bẹ̀rẹ̀ sí í ké wíííì, fólúùmù ò sì tíì dé 3 o. Ó dùn mí gan-an torí mo fẹ́ kí eré yìí dáa. Ṣé amp ni àbí máìkì àbí bí mo ṣe ń dì í mú? Èwo ni kí n rà?

Ìdáhùn 1
Àbúrò, má da ara ẹ láàmú, ó ti ṣe gbogbo wa rí. Gìtá ni wọ́n ṣe amp yẹn fún, géènì ẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń sọ ohùn kékeré di ńlá, pọ̀, máìkì sì ń gbọ́ gbogbo nǹkan tó wà láyìíká títí kan sípíkà amp náà fúnra ẹ̀, ohùn á jáde, á tún wọlé, á tún jáde, ibẹ̀ ni igbe yẹn ti ń wá. SM58 yẹn, iwájú ló yẹ kó máa gbọ́ jù, àmọ́ tó o bá ti fọwọ́ bo orí ẹ̀ tán, o ti dí ọ̀nà ẹ̀yìn tó ń jẹ́ kó mọ iwájú yàtọ̀ sí ẹ̀yìn nìyẹn, á wá máa gbọ́ ibi gbogbo. Torí náà má bi wọ́n ní watts mélòó, ibi tó o lè yí fólúùmù dé kó tó ké ni kó o wò. Fender Pro Junior ni èmi ń lò, 15 watts, sípíkà 10 inches kan, bọ́tìnnì méjì péré, fólúùmù àti tóònù. Tó o bá fi agbára fọn ún, túùbù á jẹ́ kí ohùn ẹ̀ ki, irú èyí tá a mọ̀ mọ́ Little Walter tó ń fọn hamóníkà blues àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣeré ní Chicago láyé 1950 sókè. Ó tó èèyàn 40, tí onílù yín ò bá sáà ti máa lu ìlù bíi pé ó fẹ́ fà á ya.

Ìdáhùn 2
Òótọ́ lẹ̀gbọ́n sọ, àmọ́ ó ku ohun kan nípa máìkì. Ìmpídáǹsì SM58, ìyẹn bó ṣe ń dènà iná tó ń gbé ohùn, kéré, ti ẹnu amp gìtá sì ga, tó o bá kàn wá wáyà tó wọ ẹnu méjèèjì, ohùn á tín-ín-rín, wàá wá máa yí géènì sókè títí á fi ké. Tíránsífọ́mà kékeré tó ń yí ìmpídáǹsì padà lo nílò, ó máa ń wà lójú wáyà. Máìkì hamóníkà Shure 520DX ò nílò ẹ̀, tiẹ̀ ga tẹ́lẹ̀, ó tún ní bọ́tìnnì fólúùmù lára. Àmọ́ má tíì rà á o, lo èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ ná.

Ìdáhùn 3
Èmi ò rí ìdí tó fi gbọ́dọ̀ ra amp rárá. Ki máìkì ẹ bọ mísà tí wọ́n fi ń kọrin, ẹ̀rọ tó ń da ohùn pọ̀ lọ sí sípíkà ńlá, fi pẹ́dà dìlée (tó ń ṣe bíi gbohùngbohùn) díẹ̀ sí i, ó parí. Ohùn tó mọ́ gaara ni.

Oníbèérè
Ẹ ṣé àǹtí mi. Ohùn tó mọ́ ò burú, àmọ́ èyí tó ní ẹran lára yẹn gan-an ló ń wù mí, ìyẹn ló jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ hamóníkà.

Ìdáhùn 3
Ó dáa nígbà yẹn. Wá amp onítúùbù kékeré, kódà 5 watts bíi Fender Champ, kí wọ́n gbé máìkì míì síwájú sípíkà ẹ̀ kó lọ sínú mísà. Amp á fún ẹ lóhùn, mísà á gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn.

Ìdáhùn 4
Ẹni tó bá ti ní amp onítúùbù tó ṣì ń ké, tó bá jẹ́ túùbù 12AX7 ló wà níwájú, ẹ fi 12AY7 tàbí 12AU7 rọ́pò ẹ̀. Géènì ti àkọ́kọ́ jẹ́ 100, 12AY7 bíi 44, 12AU7 bíi 20, ojú ihò kan náà ni wọ́n ń wọ̀. Ẹ pa á, ẹ jẹ́ kó tutù kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan túùbù, ẹ má sì tú inú ẹ̀ o, iná ṣì máa ń wà níbẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti yọ wáyà, ó lè pààyàn. Ẹ dín tirébù (ohùn òkè) kù lára amp, ẹ fi béèsì (ohùn ìsàlẹ̀) kún un.

Oníbèérè
Mo yá amp onítúùbù 15 watts lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi, mo sì rí tíránsífọ́mà. Mo dé 5 kó tó ké! Ohùn ẹ̀ ki débi pé mo jókòó tí mò ń fọn ún fún wákàtí kan gbáko. Onílù nìkan ló kù tí mò ń rò.

Ìdáhùn 1
Ìyìn ẹ o àbúrò. Gbé amp náà sórí àga kó súnmọ́ etí ẹ, kì í ṣe ẹsẹ̀ ẹ, kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, má ṣe kọjú máìkì sí i. Kí onílù wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá máa dán an wò.

Oníbèérè
Sátidé ni rìháásà, màá gbé àga dání.