Òkè Cheviot: ṣé kí n dá lọ?

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mo fẹ́ gun Òkè Cheviot ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítòsí ẹnubodè Scotland. Mítà 815 ni gíga rẹ̀, àmọ́ kì í ṣe òkè olórí ṣóńṣó. Ó rí bìrìkìtì bí ìkòkò tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ ló wù mí: koríko, afẹ́fẹ́, bóyá àgùntàn mélòó kan, ó tán.

Gígun òkè náà kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù, orí rẹ̀ ni. Ó tẹ́jú, ẹrẹ̀ dúdú tó lè gbé ẹsẹ̀ èèyàn mì ló sì wà níbẹ̀. Wọ́n ti to òkúta pẹlẹbẹ sójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n bí kùrukùru bá bo gbogbo rẹ̀ ńkọ́? Mo mọ máàpù wò. Kọ́ńpáàsì ni mi ò tíì mọ̀ ọ́n lò dáadáa (ẹ má rẹ́rìn-ín).

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gun irú òkè bẹ́ẹ̀ rí, ṣé ẹ máa ń dá lọ? Bàtà wo lomi kì í tètè wọ̀? Bí kùrukùru bá sì dé nígbà tó kù díẹ̀ kí n dókè, ṣé kí n dúró kó kọjá ni àbí kí n yíjú padà?