Ìyẹ́ tí mo rí lára òkúta tó là

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ọdún kejì tí mo ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa òkúta, olùkọ́ wa kó wa lọ síwájú ògiri òkúta kan tó là gbọọrọ látòkè délẹ̀. Mo ti gbà lọ́kàn ara mi pé agbára ńlá kan ló kọ lù ú. Wọ́n ní kí n fi ìka tọ ojú ibi tó là. Kò dán o. Àwọn ìlà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wà níbẹ̀, wọ́n ya sọ́tùn-ún sósì bí ìyẹ́ adìyẹ. “Tọ̀ wọ́n padà síbi tí wọ́n ti ṣẹ̀.” Mo tọ̀ wọ́n, ó di ìdí ihò kan tí kò tó wóró àgbàdo. Ibẹ̀ ni gbogbo ògiri yẹn ti bẹ̀rẹ̀ sí í là! Mi ò lè sọ̀rọ̀.

Griffith, onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti fi dígí ṣàlàyé ẹ̀ ní 1921. Agbára tó ń fa òkúta máa ń ṣù jọ sí ṣóńṣó àbùkù tín-ín-tín tó wà nínú rẹ̀. Bí àbùkù náà bá ṣe ń gùn, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rọrùn fún un láti tún gùn sí i. Nísàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún, tí ẹrù òkè ti tẹ gbogbo nǹkan pa, omi tó há sínú àbùkù lè ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì títí òkúta á fi lanu.

Ìyẹ́ yẹn náà ló jẹ́ ká mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kàn yà kúrò lára ara wọn ni. Ká ní wọ́n ti yọ̀ kọjá ara wọn, bí ilẹ̀ ṣe yọ̀ ní San Andreas, ojú ibi gígùn tí ilẹ̀ ti là ní California ní Amẹ́ríkà, ní 1906 tí ibẹ̀ fi mì tìtì, ìyẹ́ náà ì bá ti pa rẹ́.

*

Mo ka tiyín, mo rántí dígí iwájú ọkọ̀ mi. Ó sán díẹ̀, mi ò kà á sí, àfi bó ṣe ń gùn lójoojúmọ́. Ẹni tó bá mi tún un ṣe lu ihò róbótó sí ṣóńṣó ibi tó sán gan-an. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo. Ó ní ṣóńṣó mímú ló ń rìn, róbótó kì í rìn. Lóòótọ́, kò gùn mọ́. Ṣé irú ẹ̀ wà nínú ilẹ̀?

*

Ó wà, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ béèrè. Lára ògiri tí mo sọ yẹn náà, ìpele amọ̀ kan wà tó rọ̀ ju òkúta òkè rẹ̀ lọ. Púpọ̀ nínú àwọn ìlà tó ń bọ̀ látòkè, ibẹ̀ ni wọ́n dúró sí.