Ta ló rántí Carl Wheezer àti ínhélà rẹ̀?

Ọmọ Aláró: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ọmọ mi ń wo Jimmy Neutron, eré àwòrán Amẹ́ríkà tí fíìmù rẹ̀ jáde ní ọdún 2001, ó wá bi mí léèrè ìdí tí Carl, ọ̀rẹ́ Jimmy, fi máa ń fa ínhélà, oògùn èémí rẹ̀, sẹ́nu. Èmi náà ní ásímà, àìsàn tí ń fún ọ̀nà èémí pọ̀, síbẹ̀ n kò mọ ibi tí mo lè ti bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Ta ló ti rí ara rẹ̀ nínú Carl rí?

Àdùkẹ́: Èmi nìyẹn. Ní ilé ẹ̀kọ́ girama, "Carl" ni gbogbo ilé-ìsùn ń pè mí, nítorí pé mo ń lo awò ojú, àyà mi sì máa ń súfèé bí ọyẹ́ bá ti dé. Ìyá tí ń bójú tó wa gba ínhélà mi, ó tì í mọ́ inú àpótí, ó ní bí mo bá ń fà á, yóò di bárakú. Ní òru ọjọ́ kan tí eruku pọ̀, n kò lè sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta tán kí èémí mi tó já. Ẹlẹgbẹ́ mi kan ló fọ́ àgádágodo náà.

Bàbá Fẹ́mi: Kí ló fi fọ́ ọ? Àbí àlọ́ ni?

Àdùkẹ́: Ọmọ odó ni, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n sì fìyà jẹ ẹ́ ní ọjọ́ kejì.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: "Bárakú" yẹn ló ń bí mi nínú. Ínhélà aláwọ̀ búlúù tí salbutamol wà nínú rẹ̀ ń dẹ iṣan tó fún ọ̀nà èémí pọ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Kì í ṣe oògùn olóró. Ẹni tó bá wá ń nílò rẹ̀ lójoojúmọ́, kí ó padà sọ́dọ̀ dókítà fún èyí tí ń dènà wíwú inú ọ̀nà èémí.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà: Ikọ́ fée ni a ń pe ásímà nílé wa.

Bàbá Fẹ́mi: Ẹ rọra. Nílé tiwa, ikọ́ ife ni èyí tí ń ràn. Nítorí orúkọ tó jọra yìí ni ìyá ìyàwó mi fi ya ife omi ọmọ wa sọ́tọ̀ fún odidi ọdún kan, bẹ́ẹ̀ ásímà kì í ràn.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà: Ikọ́ ife, ife omi! Màmá kúkú gbọ́ Yorùbá.

Ṣọlá: Èmi kò rẹ́rìn-ín. Carl, Milhouse inú The Simpsons, Chuckie inú Rugrats, eré àwòrán Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn: awò ojú, ojo, ara tí kò gba nǹkan kan. Wheezer tí wọ́n sọ Carl gan-an, inú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún èémí tí ń súfèé ni wọ́n ti fà á yọ. Ṣé ásímà nìkan ló tó fi sọ ọmọ lórúkọ ni?

Àdùkẹ́: N kò bá ọ jiyàn lórí orúkọ. Ṣùgbọ́n kí n tó rí Carl, mo rò pé èmi nìkan ni ọmọ tí ń gbé ínhélà kiri láyé.

Ọmọ Aláró: Carl tí ara rẹ̀ kọ gbogbo nǹkan, báwo ló ṣe wá fẹ́ràn llama, ìbátan ràkúnmí onírun yẹn, tó bẹ́ẹ̀?

Bàbá Fẹ́mi: Ara tèmi kò gba edé, mo sì ń jẹ mọ́ínmọ́ín elédé.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Bàbá Fẹ́mi, ẹ gbé abọ́ yẹn sílẹ̀.