Ọkọ mi fẹ́ kí n máa ka ojú ọ̀nà fún wọn nínú rally ọlọ́jọ́ mẹ́ta: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Tíṣà Ìpẹru

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí kò jẹ́ kí n rí oorun sùn láti ọjọ́ Àìkú.

Ọdún mẹ́fà ni ọkọ mi fi ṣiṣẹ́ mọkáníìkì ní Nairobi kí wọ́n tó padà wálé wá ṣí gáréèjì sí Ṣàgámù. Ọ̀hún ni wọ́n ti kọ́ eré rally, wọ́n sì gba láísẹ́ńsì rẹ̀. Ọ̀rẹ́ wọn kan níbẹ̀ ti wá ní mọ́tò tó fẹ́ yá wọn fún ìdíje ọlọ́jọ́ mẹ́ta. Wọn á ti ọ̀nà ìjọba pa, mọ́tò á máa gbéra ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, aago ni kálukú ń bá sá eré. Ẹni méjì ló ń wà nínú mọ́tò. Ẹnì kan ń wà á, ẹnì kejì ń ka nótì, ìyẹn ìwé tí wọ́n kọ gbogbo kọ́nà sí: ṣé ọ̀tún ni àbí òsì, ṣé ó le àbí kò le, kí ló wà lẹ́yìn òkè tí awakọ̀ ò tíì rí. Èmi ni wọ́n ní kí n wá máa kà á. Wọ́n ní kò sí ohùn tó yé wọn tó tèmi.

Mo fẹ́ lọ o, kí n má purọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá ka fóònù nínú mọ́tò láti Ìpẹru dé Ìṣarà lásán, èébì á ti gbé mi. Yàtọ̀ sí ìyẹn, láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ mi, “ẹ” ni mo ń fi bá wọn sọ̀rọ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ máa pariwo mọ́ wọn lẹ́tí pé “Tẹ bíréèkì!”? Èyí tó wá wúwo jù ni ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ mi. Wọ́n ní: “Bàbá àti ìyá nínú mọ́tò kan náà? Ta lẹ fẹ́ fi àwọn ọmọ sílẹ̀ fún?” Ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ìkejì jẹ́ márùn-ún. Mi ò rí èsì fọ̀ fún wọn.

Ọmọ Ẹlẹ́ṣin, Ìjẹ̀bú-Òde

Tíṣà, ẹ kú ọ̀rọ̀ yìí. Èmi ò mọ nǹkan kan nípa rally, ṣùgbọ́n mo mọ ọ̀nà tí wọ́n tì pa. Àwọn ará ilé wa ń gẹṣin lọ sí Ojúde Ọba, èmi náà sì ti wà lórí ẹṣin níbẹ̀. Wọ́n á ti ọ̀nà, àwọn agbófinró á dúró lọ́tùn-ún lósì, síbẹ̀ ọmọdé á kàn yọ láàárín èrò láti lọ bá ìyá rẹ̀ lódì kejì. Ẹṣin tó ń rọra rìn nìyẹn o. Ọ̀nà tí wọ́n tì pa kò túmọ̀ sí ọ̀nà tó ṣófo. Ẹ bi àwọn tó ń ṣètò rẹ̀ pé àwọn wo ló ń dúró sí oríta, báwo ni wọ́n sì ṣe ń bá àwọn ará abúlé tó ní ẹran sọ̀rọ̀ ṣáájú.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Ìlíṣàn

Ọ̀rọ̀ èébì ni tèmi. Ojú yín wà lórí ìwé tí kò mì, etí inú sì ń sọ fún ọpọlọ pé ara ń yí. Ìjà àwọn méjèèjì ló ń di èébì. Ó ń ṣe àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yẹn pàápàá. Ẹ máa fi ara kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Kí Dádì máa rọra wakọ̀, kí ẹ ka ìlà kan, kí ẹ gbé ojú sókè wo ọ̀nà, kí ẹ tún ka ìlà kan. Ìṣẹ́jú márùn-ún lọ́jọ́ kìíní, lẹ́yìn náà mẹ́wàá. Ẹ jẹ atalẹ̀ sẹ́nu, ẹ má sì fi ìkọ́kọ́rẹ́ dí ikùn kí ẹ tó jókòó síbẹ̀. Àwọn oògùn èébì inú ọkọ̀ kan máa ń mú oorun wá, nítorí náà ẹ má dán oògùn tuntun wò lọ́jọ́ ìdíje.

Kí n tó gbàgbé, wọn á béèrè káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú lọ́wọ́ ẹni tó bá ti Nàìjíríà wọ Kẹ́ńyà. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni káàdì yẹn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ní Nairobi

Àbúrò mi, àga tí wọ́n ń pè yín sí yẹn ni mo ti ń jókòó láti ọdún mélòó kan. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni mo ń kà fún, ọdún mọ́kànlá ni wọ́n sì fi jù mí lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ibẹ̀ fún yín.

Ní ti “ẹ” àti “o”, kò sí èyíkéyìí nínú nótì. “Ọ̀tún, òkè, òsì, kòtò.” Ẹ ò pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni, ọ̀nà lẹ̀ ń kà. Bí ẹ bá ti bọ́ hẹ́límẹ́ẹ̀tì, ẹ tún kúnlẹ̀ kí wọn.

Nọ́ńbà ni kí ẹ bẹ̀rù. Lọ́dọ̀ tiwa, 1 ni kọ́nà tó le jù, 6 ni èyí tí ẹsẹ̀ ò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní kúrò lórí tọ́tù. Lọ́dún àkọ́kọ́, Yorùbá la fi ń kà á. Mo pe “òsì mẹ́ta”. Ariwo ẹ́ńjìnnì àti òkúta tó ń lu abẹ́ mọ́tò gbé ohùn mi mì, ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ “òsì mẹ́fà”. Inú oko àgbàdo la bá ara wa. Mẹ́ta, mẹ́rin, mẹ́fà, ẹ pè wọ́n sínú máìkì kí ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe jọra. Láti ọjọ́ yẹn, “three” àti “six” la ń pè é, àwọn ọ̀rọ̀ yòókù wà ní Yorùbá.

Ṣáájú ìdíje, wọn á jẹ́ kí ẹ gba ojú ọ̀nà kọjá nínú mọ́tò lásán, ẹ̀ẹ̀mejì sábà ni, pẹ̀lú eré tí òfin gbà. Ìgbà yẹn lẹ máa kọ nótì yín. Bí ẹ bá ṣiyèméjì lórí kọ́nà kan, ẹ kọ ọ́ bí èyí tó le.

Àwọn ibi tí aago ti ń ka eré yín nìkan ni wọ́n ń tì pa. Láàárín wọn, ẹ̀yin àti matatu, ìyẹn dánfó ibí, lẹ jọ wà lọ́nà, ọwọ́ òsì la sì ń gbà níbí. Ẹni tó ti wakọ̀ pẹ́ ní Ṣàgámù lè gbàgbé bó bá rẹ̀ ẹ́, ẹ máa rán wọn létí. Ẹ̀yin náà lẹ ni káàdì àkókò, ìyẹn ìwé tí wọ́n ń kọ ìgbà tí ẹ dé ibùdó kọ̀ọ̀kan sí. Bí ẹ bá fi ìṣẹ́jú kan pẹ́ dé ibùdó, wọn á fi ìṣẹ́jú-àáyá 10 kún àkókò yín. Bí ẹ bá fi ìṣẹ́jú kan yá, 60 ni. A ti rí awakọ̀ tó sáré dáadáa tí káàdì bà á jẹ́.

Ẹ fi ti àtijọ́ wé ti òní náà. Nígbà tí Safari, eré rally ńlá ti Kẹ́ńyà níbí, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1953, wọn kì í ti ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ló sì rí títí di 2002. Àwọn ẹgbẹ́ ńlá máa ń fi hẹlikọ́pítà ṣáájú kí wọ́n lè kìlọ̀ bí lọ́rì tàbí màlúù bá ń bọ̀. Nígbà tí eré náà padà sí ìdíje àgbáyé ní 2021, ọ̀nà títì ló fi padà.

Ní ti obìnrin, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn dá yín dúró. Michèle Mouton ló wakọ̀, Fabrizia Pons ló ka nótì, tí wọ́n fi gba rally Sanremo ní Ítálì lọ́dún 1981. Obìnrin ò gba irú ìdíje àgbáyé bẹ́ẹ̀ rí ṣáájú wọn.

Ṣùgbọ́n mi ò ní fi èyí pamọ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2005, nínú rally kan ní Wales, mọ́tò tí Markko Märtin ń wà lọ gbá igi. Ẹ̀gbẹ́ ẹni tó ń ka nótì ló gbá. Michael Park tó ń kà á fún un kú, nǹkan kan ò ṣe Märtin. Irin ààbò inú mọ́tò ti dára sí i láti ìgbà náà, síbẹ̀ mo ń rántí rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí mo bá so bẹ́líìtì. Ẹ fi ọwọ́ ara yín yẹ gbogbo rẹ̀ wò: irin, bẹ́líìtì, ohun tó ń so hẹ́límẹ́ẹ̀tì mọ́ èjìká, ohun ìpaná. Páálí OK (pé kò sí ẹni tó ṣèṣe) àti SOS (pé ẹ nílò ìrànlọ́wọ́ kíákíá) gbọ́dọ̀ wà níbi tí ọwọ́ yín lè tó nígbà tí ẹ bá ṣì wà nínú bẹ́líìtì. Bí ẹlòmíì bá fi SOS hàn yín, ẹ dúró, ẹ má wo aago.

Ìyá Ìbejì, Ṣàgámù

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Èmi wà lẹ́yìn ìyá ọkọ. Kí ọ̀kan lọ, kí ọ̀kan dúró ti ọmọ. Iṣẹ́ mi ni kí n máa tọ́jú àwọn ọmọ tí òbí wọn ò padà, mo mọ ohun tí mò ń wí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pinnu pé ẹ máa lọ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó lọ: ta ni yóò gba àwọn ọmọ, owó wo ni yóò fi tọ́ wọn, àti ìwé ìbánigbófò tó dárúkọ eré yìí gan-an, nítorí ọ̀pọ̀ wọn ni kì í san owó lórí ìdíje mọ́tò. Ẹ jẹ́ kí màmá fọwọ́ sí i.

Tíṣà Ìpẹru

Ẹ ṣé gan-an. Lánàá, èmi àti Dádì wọn gba ọ̀nà àtijọ́ láti Ìpẹru, jẹ́ẹ́jẹ́. Mo kọ nótì kọ́nà mọ́kànlá. A kọjá Òde Rẹ́mọ kí n tó bì, ìyẹn sàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìgbà tí mo pe “mẹ́ta”, ṣe ni wọ́n wò mí: “Mẹ́ta àbí mẹ́fà?” Ariwo kankan ò sí nínú mọ́tò nígbà yẹn o. Wọ́n páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, a pa gbogbo nọ́ńbà Yorùbá rẹ́, a fi ti Gẹ̀ẹ́sì rọ́pò.

A ti bá ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sọ̀rọ̀ lórí àwọn ọmọ. Mo ka ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì sí màmá létí. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, wọ́n wá ní kí a gbé ìwé náà wá kí àwọn kà á kí àwọn tó sọ nǹkan kan. Èmi àti Dádì sì ti fẹnu kò: tí mi ò bá lè ka nótì fún odidi wákàtí kan láìbì nígbà tí oṣù tó ń bọ̀ bá fi parí, ọ̀rẹ́ wọn ni yóò jókòó sí àga yẹn, èmi yóò wà nílé.

Àǹtí Nairobi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ya fọ́tò ojú ewé kan nínú nótì yín. Mo fẹ́ rí bí ẹ ṣe ń kọ kọ́nà tó fara pamọ́ sẹ́yìn òkè.